Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àwọn agbérù oníhò fún zinc oxide àti titanium dioxide nínú ìpara oòrùn

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, pẹ̀lú àwọn tó ń po ìpara fún títà, ló ń béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí lemọ́lemọ́. A tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn lọ sí èyí tó ta kókó. Ẹ fo èyí tí ẹ bá ti mọ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní agbérù oníhò?

Ìyẹ̀fun ni, tí gbogbo ara rẹ̀ kún fún ihò tí ojú lásán kò lè rí, tí a sì lè kó nǹkan mìíràn sínú àwọn ihò náà. Nínú ìpara oòrùn, ohun tí à ń kó sí i ni zinc oxide tàbí titanium dioxide, àwọn mineral méjì tó ń dá ìtànṣán UV dúró kí ó tó wọ awọ ara. Bí a bá tẹ́ ojú gbogbo ihò tó wà nínú 1 g silica oníhò sílẹ̀, ó lè fẹ̀ tó 300 sí 1,000 m².

Ihò tí kò tó 2 nm ni wọ́n ń pè ní micro, láti 2 dé 50 nm ni meso, èyí tó bá ju 50 nm lọ ni macro. 1 nm jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan mílímítà. Ẹ fi àwọn nọ́ńbà yìí sọ́kàn, nítorí ìwọ̀n ihò ló ń dá ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rú.

Kí ni agbérù ń ṣe tí zinc oxide lásán kò lè ṣe fúnra rẹ̀?

Èérún nánò, ìyẹn èyí tí kò ju 100 nm lọ, kì í fẹ́ dá wà. Bí ẹ bá da zinc oxide tí èérún rẹ̀ jẹ́ 20 nm sínú òróró láìṣètò, wọ́n á ṣù mọ́ra wọn, wọ́n á ṣe kókó tó lè tóbi ju 1,000 nm lọ. Kókó yẹn kò bo awọ dáadáa: ibì kan á nípọn, ibì kejì á ṣí sílẹ̀ fún oòrùn. Tí èérún kọ̀ọ̀kan bá wà nínú ihò tirẹ̀, wọn kò ní ráyè ṣù.

Agbérù tún máa ń dín bí ojú mineral náà ṣe ń kan òróró àti awọ kù, ó sì ń fa ọ̀rá ojú mu, kí ìpara má bàa máa dán yinrin. Ṣùgbọ́n agbérù kì í dá UV dúró fúnra rẹ̀. Silica kò mọ UVA, kò mọ UVB, irú ìtànṣán UV méjì tó ń bá wa nínú oòrùn.

Ṣé aláwọ̀ dúdú tilẹ̀ nílò ìpara oòrùn?

Àfín nílò rẹ̀ lójoojúmọ́, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àwọn mìíràn tó nílò rẹ̀ ni ẹni tí ojú rẹ̀ ń ní àbààwọ́n dúdú, ẹni tó ń lo oògùn tó ń mú kí oòrùn tètè jó ara, àti ẹni tó ti fi ìpara ìbóra bó awọ rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 8 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, oòrùn sì ń gba àtàrí ẹni kọjá gan-an lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ka UV index tó bá tó 11 sí èyí tó le jù lọ, ọ̀sán gangan ní irú agbègbè wa sì máa ń dé ibẹ̀.

Òrí tàbí àdín àgbọn ńkọ́?

Wọn kò tó. Òrí ní àwọn èròjà díẹ̀ tó ń gba UVB mu, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni, UVA sì ń kọjá lára rẹ̀. Ẹ lè fi òrí ṣe apá kan òróró tí ẹ máa fi po ìpara, kó má ṣe jẹ́ òun ni ẹ gbára lé. Ẹ tún rántí pé òrí ń yọ́ níwọ̀n ìgbà tí ooru oṣù kẹta bá mú.

Kí ló dé tí ìpara mineral fi ń sọ ojú di bí ti ẹni tó kun efun?

Nítorí bí èérún ṣe tóbi tó ni. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí wà láàárín 400 sí 700 nm. Èérún tó bá tó 200 sí 300 nm ló ń tú ìmọ́lẹ̀ yìí ká jù, ojú á sì rí i ní funfun. Èérún 20 sí 50 nm kì í fi bẹ́ẹ̀ tú u ká, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ṣe kókó, funfun náà ti padà nìyẹn. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tẹ̀ nínú mineral náà kàn án pẹ̀lú: rutile, irú titanium dioxide kan, jẹ́ nǹkan bí 2.7, zinc oxide jẹ́ 2.0, òróró inú ìpara jẹ́ nǹkan bí 1.45. Bí àlàfo àárín wọn bá ṣe pọ̀ tó ni funfun náà ṣe máa pọ̀ tó. Ìdí nìyí tí a fi máa ń ní kí ẹni tó ń po ìpara fún awọ dúdú mú zinc oxide ṣíwájú.

Silica jẹ́ nǹkan bí 1.45, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òróró dọ́gba. Nítorí náà silica oníhò tí òróró bá kún inú rẹ̀ á pòórá lójú. Bí òróró náà bá jẹ́ irú èyí tó ń fò lọ lára, afẹ́fẹ́ á gba ipò rẹ̀ nínú ihò, funfun á sì yọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún. Ẹ má ṣe dá ìpara lẹ́jọ́ lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá fi í pa ọwọ́. Ẹ dúró ná.

Iron oxide aláwọ̀ ìyeyè, pupa àti dúdú ló ń yanjú ìyókù. Nínú 100 g ìpara, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti orí 2 g ìyeyè, 1 g pupa àti 0.5 g dúdú, kí ẹ máa tún un ṣe títí yóò fi bá àwọ̀ ara mu. Iron oxide tún ń dá díẹ̀ dúró nínú ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí, èyí tí zinc oxide nánò kì í ṣe. Ìmọ́lẹ̀ yìí náà sì máa ń mú àbààwọ́n ojú dúdú sí i.

Irú agbérù wo ló wà, èwo ni kí n mú?

MCM-41, tí àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Mobil gbé jáde ní 1992, ní ihò 2 sí 4 nm. SBA-15 tó tẹ̀ lé e ní 1998 sábà máa ń ní ihò 5 sí 10 nm, a sì lè mú kí ó fẹ̀ dé 30 nm. Silica gel tí wọ́n ń lò fún chromatography (yíya èròjà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀) wọ́pọ̀ ní ihò 6 nm. Halloysite jẹ́ amọ̀ tí èérún rẹ̀ ká bíi ọ̀pá, tí inú rẹ̀ sì ṣófo ní nǹkan bí 10 sí 20 nm. Calcium carbonate irú vaterite náà wà, ihò rẹ̀ lè ju 20 nm lọ, ṣùgbọ́n omi máa ń yí i padà di calcite, ihò náà á sì dí. Ásíìdì díẹ̀ pàápàá á tú u.

Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ẹ mú silica gel, irú èyí tí ihò rẹ̀ bá tó 10 nm. MCM-41 dára fún kíkọ ìwé, ihò rẹ̀ ti há jù fún iṣẹ́ yìí. Ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, níbi tí a ti sọ̀rọ̀ ìwọ̀n ihò.

Ṣé efun tí wọ́n ń tà ní ọjà bí Akẹ̀sán lè ṣe é?

Bí ó ṣe wà lọ́jà yẹn, rárá. Efun tó jẹ́ kaolin kì í ṣe oníhò, pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ ni ó tò léra, ojú rẹ̀ sì sábà jẹ́ 10 sí 20 m² nínú 1 g, níbi tí silica ti ń lé ní 300. Òmíràn nínú ohun tí wọ́n ń pè ní efun kì í tilẹ̀ ṣe kaolin. Wọ́n ti rí òjé nínú irú amọ̀ funfun tí wọ́n ń tà fún jíjẹ, kò sì sí bí ojú lásán ṣe lè mọ èyí tó ní in.

Kaolin tó mọ́ ṣeé sọ di oníhò: ẹ sun ún ní 700 °C fún wákàtí méjì, kí ẹ wá fi ásíìdì gbígbóná yọ aluminium inú rẹ̀. Silica oníhò ló máa ṣẹ́kù. Ẹ wọn òjé rẹ̀ kí ó tó kan awọ ẹnikẹ́ni.

Báwo ni a ṣe ń yọ silica lára èèpo ìrẹsì? Ṣé ṣùkù àgbàdo lè rọ́pò rẹ̀?

Èèpo ìrẹsì ni kí ẹ wá lọ sí ilé ìlọrẹsì. 100 g rẹ̀ máa ń fúnni ní eérú tó tó 20 g, silica ló sì pọ̀ jù nínú eérú náà, 85 sí 95%. Ṣùkù àgbàdo pọ̀ nílẹ̀ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n eérú rẹ̀ kéré, potassium sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tó bá rí èèpo ìrẹsì kò ní ìdí láti fi ṣùkù da ara rẹ̀ láàmú.

Ẹ fọ èèpo náà títí omi rẹ̀ á fi mọ́, ẹ sá a gbẹ. Ẹ da 100 g sínú 1 lítà HCl tó jẹ́ 1 M, kí ẹ gbé e ka iná 80 sí 90 °C fún wákàtí méjì, níta gbangba tàbí lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa òórùn jáde. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi distilled water ṣàn án títí pH omi tó ń jáde á fi tó 6 sí 7. Omi kànga àti ti bọrihóòlù ní calcium àti iron tí yóò padà sínú iṣẹ́ yín. Ẹ gbẹ ẹ́ ní 110 °C mọ́jú, kí ẹ wá sun ún nínú iléru ní 600 °C fún wákàtí mẹ́rin. Eérú tó dára funfun. Bí ó bá rí bíi eérú igi, potassium ló ṣẹ́kù: ó yọ́ nínú iná, ó sì bo èédú mọ́lẹ̀ kí ó má lè jó tán. Sísun ún lẹ́ẹ̀kan sí i kò ní wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ásíìdì ni kò ṣiṣẹ́ tó ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí iléru kọjá 700 °C. Lókè 800 °C silica á bẹ̀rẹ̀ sí í di cristobalite (silica tó ti di kírísítálì), ihò rẹ̀ á wó, eruku rẹ̀ sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ láìní àtúnṣe.

Bí ẹ bá fẹ́ ihò tó tò lẹ́sẹẹsẹ, ẹ da 10 g eérú sínú 80 mL NaOH tó jẹ́ 2.5 M, kí ẹ sè é fún wákàtí mẹ́ta, ẹ sì sẹ́ ẹ. Omi tó jáde, sodium silicate, ni ẹ máa lò pẹ̀lú CTAB fún MCM-41 tàbí P123 fún SBA-15; àwọn méjèèjì jẹ́ èròjà bí ọṣẹ tí silica máa ń dì yí ká, tí ihò á sì kù síbi tí wọ́n wà nígbà tí wọ́n bá jóná. CTAB yẹn gbọ́dọ̀ jóná tán ní 550 °C, wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà, nítorí ó ń ta awọ ara.

Báwo ni a ṣe ń kó zinc oxide wọ inú ihò?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn ra zinc oxide nánò 30 nm, kí ó pò ó mọ́ silica tí ihò rẹ̀ jẹ́ 6 nm, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ti wọlé. Kò lè wọlé. Ara ẹ̀yìn silica ló lẹ̀ mọ́. Fún ihò tóóró, omi iyọ̀ zinc ló ń wọlé, inú ihò ni zinc oxide ti máa ń dá.

Ẹ gbẹ silica ní 120 °C fún wákàtí méjì. Ẹ mú 5 g, kí ẹ máa kán omi sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó, títí yóò fi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣù. Bí ó bá gba 4 mL, ihò inú 1 g gba 0.8 mL nìyẹn. Lẹ́yìn náà ẹ tú zinc acetate dihydrate 3 g sínú omi títí yóò fi pé 10 mL, kí ẹ kán acetic acid díẹ̀ sí i kí ó má dà rú. Ẹ mú silica gbígbẹ 5 g mìíràn, ẹ kán 4 mL omi iyọ̀ yìí sí i, ẹ máa rò ó bí ẹ ṣe ń kán an. Ó gbọ́dọ̀ dà bí iyẹ̀pẹ̀ tútù, kó má ṣe dà bí ẹ̀kọ. Tí omi bá dúró lórí rẹ̀, zinc yóò dá sí ìta.

Gbígbẹ ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Bí ẹ bá gbé e sínú ooru 150 °C lójijì, omi á sáré jáde, á sì kó iyọ̀ náà tẹ̀ lé ara rẹ̀ wá sí ẹnu ihò. Ẹ fi sílẹ̀ ní 40 °C mọ́jú, lẹ́yìn náà 80 °C wákàtí mẹ́rin, kí ẹ wá gbé e sí 400 °C fún wákàtí méjì, kí ooru máa gòkè ní 2 °C ní ìṣẹ́jú kan.

Zinc acetate dihydrate 2.7 g ló ń di zinc oxide 1 g. Èyí tí ẹ kán sínú 5 g yẹn jẹ́ 1.2 g, zinc oxide tó máa jáde níbẹ̀ kò ju 0.44 g lọ, ìyẹn nǹkan bí 8%. Bí ẹ bá tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ó lè sún mọ́ 20%, ṣùgbọ́n ẹ tún wọn bí ihò ṣe ń gba omi sí kí ẹ tó kán omi iyọ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, nítorí àyè inú rẹ̀ ti dín kù.

Titanium dioxide ńkọ́?

Ó le jù. Titanium isopropoxide, èròjà olómi tó ń di titanium dioxide, ló sábà máa ń gba ibẹ̀ wọlé, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ lásán sì ti tó láti sọ ọ́ di funfun nínú ìgò; nínú òjò oṣù kẹsàn-án ẹ lè má tíì dé ìdérí ìgò padà tí yóò ti dà rú. Ọtí isopropanol tí kò ní omi ni ẹ máa fi là á. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ihò silica kì í jẹ́ kí anatase, irú titanium dioxide mìíràn, tètè yí padà di rutile, anatase sì ni ó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú oòrùn. Fún ìdí méjèèjì, zinc la máa ń gbà yín níyànjú.

Iná lọ nígbà tí iléru ń gbóná. Ṣé iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn?

Ní ti zinc acetate, ó lè má bàjẹ́. Ẹ má ṣí iléru. Ẹ jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ padà pẹ̀lú 2 °C ní ìṣẹ́jú kan. Ní ti CTAB tàbí P123, bí iná bá lọ láàárín 250 sí 400 °C, èédú á kù nínú ihò, ìyẹ̀fun á sì di àwọ̀ eérú. Ẹ fi wákàtí méjì kún àkókò rẹ̀ ní 550 °C. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni kí iná dé kí iléru sì máa sáré gòkè láìsí ẹni tó tún aago rẹ̀ tò. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí kò tó 1 kW kò lè gbé iléru, ẹ má dán an wò.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé inú ihò ló wà, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀?

Ẹ gbé e fún XRD, àyẹ̀wò tó ń fi ìtànṣán X wo kírísítálì inú ìyẹ̀fun. Pẹ̀lú ìtànṣán Cu Kα, zinc oxide máa ń yọ ṣóńṣó ní 31.8, 34.4 àti 36.3 ìwọ̀n 2θ. Bí ṣóńṣó náà bá mú, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, èérún rẹ̀ tóbi; ẹ fi ọ̀nà Scherrer, tó ń ti ara bí ṣóńṣó ṣe fẹ̀ tó mọ ìwọ̀n èérún, ṣe ìṣirò rẹ̀. Èérún tó jẹ́ 25 nm kò lè máa gbé inú ihò 8 nm. Bí ṣóńṣó bá fẹ̀, tó sì rẹlẹ̀, ìròyìn ayọ̀ nìyẹn. BET, àyẹ̀wò tó ń wọn bí ojú ihò ṣe fẹ̀ tó, náà á jẹ́rìí sí i: àyè inú ihò gbọ́dọ̀ dín kù. Bí ojú rẹ̀ bá wálẹ̀ láti 500 sí 60 m² lójijì, ẹnu ihò ló dí, kì í ṣe inú rẹ̀ ló kún.

Fún iye zinc, ẹ kò nílò ẹ̀rọ olówó ńlá. Ẹ fi 10 mL HCl 1 M tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tú 0.100 g ìyẹ̀fun, ẹ sẹ́ silica kúrò, ẹ fi hexamine mú pH rẹ̀ wá sí 5.5, kí ẹ wá fi EDTA 0.01 M titrate rẹ̀ pẹ̀lú xylenol orange títí pupa rẹ̀ á fi di ìyeyè. 1 mL EDTA yìí dúró fún 0.814 mg zinc oxide. Ìyẹ̀fun 20% gbọ́dọ̀ gba nǹkan bí 24.6 mL. Iron tó bá ṣẹ́kù nínú eérú á da àbájáde rú, ìdí mìíràn nìyẹn tí ásíìdì ìbẹ̀rẹ̀ fi ṣe pàtàkì.

Ṣé ihò tó kéré jù kọ́ ló dára jù?

Rárá, ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Zinc oxide lásán ń gba UV mu láti nǹkan bí 370 nm wá sílẹ̀, ìyẹn ló fi ń kápá UVB (290 sí 320 nm) àti apá tó pọ̀ nínú UVA (320 sí 400 nm). Ṣùgbọ́n bí èérún rẹ̀ bá kéré ju nǹkan bí 7 nm lọ, ààlà yẹn á sún sẹ́yìn. Nínú ihò 3 nm, ó lè sún kọjá 340 nm. Ìyẹ̀fun tó dà bí ẹni pé ó ṣàṣeyọrí, tó mọ́ gaara lára, ti jọ̀wọ́ ọ̀pọ̀ UVA nìyẹn. Kò ní jẹ́ kí ara jó, nítorí UVB ló ń jó ni. UVA á sì máa wọlé láìsí ẹni tó mọ̀.

Ẹ wá ihò 10 sí 20 nm. Kí ẹ sì ya àwòrán UV-Vis ìyẹ̀fun náà, èyí tó ń fi bí ó ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ mu hàn, láti 280 dé 450 nm, kì í ṣe 290 sí 320 nìkan.

Mélòó nínú ìyẹ̀fun náà ni kí n fi sínú ìpara?

Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó pò ó. Bí ìyẹ̀fun bá ní zinc oxide 20%, tí ẹ sì fẹ́ 10 g zinc oxide nínú 100 g ìpara, 50 g ìyẹ̀fun lẹ máa dà sí i. Kò sí ẹni tó lè fi ìyẹn pa ara. Ìdí nìyí tí a kò fi gbà pé agbérù lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Ẹ lò ó mọ́ zinc oxide tí wọ́n ti fi silicone tàbí silica bò, kí gbogbo zinc oxide má ju 25% lọ, ààlà tí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi lélẹ̀.

Èyí ni ìpìlẹ̀ kan fún ìdánwò, nínú 100 g: òróró caprylic/capric triglyceride 27 g, polyglyceryl-2 dipolyhydroxystearate 4 g, polyhydroxystearic acid 1 g, ìda oyin 1 g, zinc oxide tí a bò 12 g, ìyẹ̀fun oníhò 5 g, glycerin 4 g, magnesium sulfate 0.7 g, phenoxyethanol 1 g, distilled water 44.3 g. Ẹ kọ́kọ́ fi òróró rẹ ìyẹ̀fun oníhò fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ da zinc oxide àti polyhydroxystearic acid sí i, kí ẹ fi ẹ̀rọ lù ú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ gbóná apá òróró àti apá omi dé 75 °C, kí ẹ máa da omi sínú òróró tín-ín-rín bí ẹ ṣe ń rò ó. Bí ẹ bá da omi náà lẹ́ẹ̀kan náà, yóò yà sí méjì. Phenoxyethanol ló kẹ́yìn, nígbà tí ó bá ti lọ sílẹ̀ sí 40 °C.

Kí ló dé tí ìpara mi fi ki ní ọjọ́ kejì, tí ó sì ń là lójú?

Ihò ló ń mu òróró yín. 5 g silica tó ń gba 1.5 mL òróró nínú 1 g á gbé 7.5 mL mì, ìyẹn ju ìdá mẹ́rin òróró inú ìpìlẹ̀ òkè yìí lọ. Rírẹ ẹ́ sínú òróró ṣáájú ló ń dènà rẹ̀. Ihò náà lè gbé èròjà tí kì í jẹ́ kí ìpara bàjẹ́ mì bákan náà, kí ìpara sì hu olú lẹ́yìn oṣù méjì bó tilẹ̀ jẹ́ pé òṣùwọ̀n yín pé.

Bí ó bá jẹ́ jẹ́ẹ̀lì ni ẹ fi carbomer, èròjà tó ń mú omi ki, ṣe, tó sì di omi, zinc ló tú u. Ẹ lo xanthan dípò rẹ̀. Kí pH wà ní 7 sí 7.5, nítorí zinc oxide ń tú sínú ásíìdì. Ẹ má fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí salicylic acid sí i. Ẹ gbé ìgò kan sí 45 °C fún oṣù kan kí ẹ tó gbà pé ìpara dúró ire.

Ṣé òótọ́ ni pé agbérù ń dín ìpalára tí mineral ń ṣe nínú oòrùn kù?

Ó lè dín in kù. Zinc oxide àti titanium dioxide, bí UV bá bá wọn, ń dá àwọn radical, èérún kẹ́míkà tó ń jà, sílẹ̀ tó lè ba òróró, àwọ̀ àti lọ́fínńdà inú ìpara jẹ́. Ògiri silica ń dínà mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹnu ihò ṣì ṣí. Èyí tí wọ́n fi silica tàbí alumina bò pátápátá ṣì ju agbérù lọ ní apá yìí.

Àyẹ̀wò methylene blue tí gbogbo èèyàn ń ṣe, níbi tí wọ́n ti ń wò bóyá mineral á ba àwọ̀ àró náà jẹ́ lábẹ́ UV, máa ń tan èèyàn jẹ níhìn-ín. Silica ń fa methylene blue mọ́ra gidigidi, àwọ̀ omi á sì ṣí kódà nínú òkùnkùn. Ẹ lo methyl orange, 10 mg nínú 1 lítà, kí ẹ rò ó pẹ̀lú ìyẹ̀fun nínú òkùnkùn fún wákàtí kan ná kí ẹ tó tan iná UV 365 nm, kí ẹ sì máa wọn 464 nm ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí zinc oxide tó wà nínú ìgò méjèèjì dọ́gba. Ẹni tó fi 50 mg ìyẹ̀fun 20% wé 50 mg zinc oxide lásán kò tíì wé nǹkan kan.

Ṣé èérún nánò kò ní wọ inú ara?

Nípasẹ̀ awọ tí kò dá egbò, orí ìpele òkè awọ ni èérún ń dúró sí. Ìwọ̀nba zinc tó bá tú lè wọlé, zinc sì wà nínú oúnjẹ wa tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi í sójú egbò. Àfín tó bá ní egbò lójú, létí tàbí lọ́rùn tí kò jinná láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ, kì í ṣe ìdí ìpara.

Imú ni ẹ̀rù rẹ̀ wà. IARC, àjọ WHO tó ń ṣèwádìí lórí jẹjẹrẹ, ka titanium dioxide tí a fà símú sí ohun tó ṣeé ṣe kí ó fa jẹjẹrẹ (ìpele 2B). Ẹ lo ìbòmú N95 nígbà tí ẹ bá ń wọn ìyẹ̀fun, ẹ pa fáànù, ẹ fi aṣọ tútù nu tábìlì dípò kí ẹ gbá a. Ẹ má sọ ọ́ di ìpara tí wọ́n ń fín.

Mo fi ọ̀nà Mansur ṣírò SPF (nọ́ńbà tó ń sọ bí ìpara ṣe ń dáàbò bo ara tó), ó fún mi ní 38. Ṣé kí n kọ ọ́ sára ike?

Ẹ má kọ ọ́. Ọ̀nà Mansur, ti 1986, wà fún èròjà tó ń tú pátápátá sínú ọtí. Mineral kì í tú. Ó ń rọ̀ sísàlẹ̀ nínú cuvette, ìgò kékeré inú ẹ̀rọ, èyí tó bá sì léfòó ń tú ìmọ́lẹ̀ ká, ẹ̀rọ á ka ìmọ́lẹ̀ tó yà lọ́nà sí èyí tí ìpara gbà mu. Nọ́ńbà náà lè ga tàbí kí ó rẹlẹ̀, kò ní ìtumọ̀ kankan.

Fún ìfiwéra nínú yàrá ìwádìí, ẹ tẹ́ ìpara sórí téépù Transpore ní 2 mg sí 1 cm², ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ wọn ọ́n láti 290 dé 400 nm lórí ẹ̀rọ tó ní integrating sphere, èyí tó ń kó ìmọ́lẹ̀ tó tú ká jọ. Ibi mẹ́sàn-án ó kéré tán lórí téépù kọ̀ọ̀kan, nítorí bí ọwọ́ ṣe tẹ́ ẹ kì í dọ́gba. Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára ike ń wá láti ara àyẹ̀wò lára èèyàn, ISO 24444.

2 mg sí 1 cm² yẹn náà ni ẹni tó ń lò ó gbọ́dọ̀ fi pa ara: ìpara tó gùn tó ìka méjì fún ojú àti ọrùn. Ìdajì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò.

Silica mi jẹ́ 5 µm (5,000 nm), ihò rẹ̀ jẹ́ 15 nm, zinc oxide inú rẹ̀ jẹ́ 12 nm. Ṣé mo lè pè é ní ìpara tí kò ní nánò, kí n sì máa tà á?

Ní Nàìjíríà, NAFDAC gbọ́dọ̀ forúkọ ìpara sílẹ̀ kí ẹ tó tà á, bó ti wù kí èérún rẹ̀ tóbi tó. Ẹni tó ń pò ó nílé fún títà kò yọ sílẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ nánò, ìwọ̀n ìta 5 µm kò tó láti sá fún un. Òfin Yúróòpù 1223/2009 ka ohun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe, tí kì í tú, sí nánò bí ìwọ̀n ìta rẹ̀ tàbí ètò inú rẹ̀ bá wà láàárín 1 sí 100 nm. Ihò 15 nm yín jẹ́ ètò inú, zinc oxide 12 nm náà ń bẹ níbẹ̀. Láti oṣù keje 2013 ni wọ́n ti ní kí ọ̀rọ̀ náà, nano, máa tẹ̀ lé orúkọ irú èròjà bẹ́ẹ̀ lára ike níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì fi àwòrán TEM (ti maikiroskópù tó ń fi èérún nánò hàn) àti ìwé BET yín sínú fáìlì, nítorí oníbàárà tó ń kó ọjà lọ sókè òkun á béèrè méjèèjì.